Téèpù Tí Wọ́n Nù, Kásẹ́ẹ̀tì Tó Kù: Ìtàn Ètò Tẹlifíṣọ̀n Láti Ìbàdàn Dé Ìlérò

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Kúnlé Ọláṣọpé ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tí àwọn òǹwòran rí lójú ẹ̀rọ náà, Aníkẹ́ Àgbájé-Williams sì ni obìnrin àkọ́kọ́. Gbogbo wa la ti gbọ́ apá ìtàn yìí rí, torí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ Ìwọ̀ Oòrùn ayé ọjọ́un tí kì í kà á mọ́ ohun tí a fi ń yangàn. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé díẹ̀ kíún ló kù lónìí nínú ohun tí àwọn èèyàn wò ní ọdún wọ̀nyẹn. A fẹ́ sọ bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan iṣẹ́ tí àwa mélòó kan nínú ẹgbẹ́ yìí ń ṣe ní Ìlérò: a ń yí kásẹ́ẹ̀tì fídíò inú ilé padà sí fáìlì kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí bẹ̀rẹ̀. Ní 1953, Gómìnà Macpherson bá Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wí lórí rédíò ìjọba. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun náà láyè láti fèsì lórí rédíò kan náà, wọn kò gbà. Láti ibẹ̀ ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí yóò fi ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni WNTV dé. A lè sọ pé torí kí ohùn wa má baà sọnù ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohùn tí a fọ̀ yàtọ̀ sí ohùn tí a tọ́jú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ eré tẹlifíṣọ̀n: bí òṣèré bá ṣe ń sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ya á ni ó ń dé ilé olówó tó ra ẹ̀rọ. Bí eré bá parí, ó parí nìyẹn. Ní 1956 ni ilé iṣẹ́ Ampex ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sórí téèpù jáde. Téèpù náà fẹ̀ tó ínǹṣì méjì, èyí tó gba wákàtí kan sì tó nǹkan bíi 300 dọ́là owó ìgbà yẹn. Owó ńlá ni. Àǹfààní téèpù yìí ni pé a lè nù ún, kí a sì tún gba nǹkan mìíràn sórí rẹ̀. Àǹfààní yẹn náà ló ba ìtàn jẹ́. Láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù títí dé Nàìjíríà, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ń nu téèpù àná kí wọ́n lè rí èyí tí wọn yóò lò lọ́la. Lójú wọn, téèpù òfìfo níye lórí ju téèpù tí eré wà nínú rẹ̀ lọ, torí pé gbogbo ayé ti wo eré yẹn tán.

Báyìí ni ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe lọ. Mósè Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, àti ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀ ṣeré lórí WNTV. Dúró Ládiípọ̀ ní Bódé Wáàsinmi. Olúṣẹ́gun Olúṣọlá, tó ti ṣiṣẹ́ ní WNTV, ló gbé The Village Headmaster wá sórí tẹlifíṣọ̀n ní 1968, ogún ọdún gbáko ló sì fi wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣejáde yunifásítì lórí àwọn eré wọ̀nyí, ohun tí àgbà rántí àti ohun tí ìwé ìròyìn kọ ni yóò gbára lé jù. Eré fúnra rẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ẹ wá wo ohun ìyanu kan. BBC náà nu eré tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Doctor Who láàárín 1967 sí 1978, ìpín tó lé ní 90 ni kò sì sí mọ́. Ní 2013, wọ́n kéde pé a ti rí ìpín mẹ́sàn-án nínú àwọn tó sọnù. Níbo? Ní ilé iṣẹ́ atàtagbà tẹlifíṣọ̀n kan ní Jọ́ọ̀sì, níhìn-ín ní Nàìjíríà. Ìdí rẹ̀ ni pé orí fíìmù mílímítà 16 ni BBC máa ń da eré kọ kí wọ́n tó tà á sókè òkun, fíìmù kò sì ṣe é nù bíi téèpù. Nàìjíríà tó pàdánù eré tirẹ̀ ló bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tọ́jú tiwọn láìmọ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ohun tó dára jù lọ ló ń kù. Èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí kò sì rọrùn láti parẹ́, ló ń kù.

Ọ̀dọ̀ ta wá ni ẹ̀dà tiwa wà? Ilé ló wà. Ní 1976 ni ilé iṣẹ́ JVC ní Japan gbé kásẹ́ẹ̀tì VHS jáde. Nígbà tí ẹ̀rọ fídíò wọ ilẹ̀ wa, ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀kan nílé lè gba ètò sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìlérò wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, itòsí Òkèhò. Tí a bá fa ìlà tààrà láti Ìbàdàn, ó tó nǹkan bíi 100 kìlómítà. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹ̀rìálì orí òpó gíga ni èèyàn fi ń wá àwòrán, àwòrán náà a sì máa ṣe wínníwínní. Nítorí náà, ọmọ ìlú tó wà ní Ìbàdàn tàbí Èkó lè gba eré sílẹ̀ níbẹ̀, kí ó gbé kásẹ́ẹ̀tì wálé fún ọdún. Nínú èyí tí àwọn ará ilé kó fún wa, ìgbéyàwó àti òkú àgbà ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n eré tẹlifíṣọ̀n fara sin sáàárín wọn, tòun ti ìpolówó ọjà àti ìkéde.

Kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun ayérayé. Ooru abẹ́ páànù ń bà á jẹ́, ọ̀rinrin ń mú kí nǹkan funfun hù sí i lára. Ilé iṣẹ́ Funai tó kù tó ń ṣe ẹ̀rọ VHS sì ti ṣíwọ́ ní 2016. Bí ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ bá bàjẹ́ tán, kásẹ́ẹ̀tì di ṣíṣu.

Ibí ni kọ̀ǹpútà ti wọlé. Láti 1999 tí TiVo ti dé Amẹ́ríkà ni àwọn èèyàn ti ń gba ètò sórí háàdì dísìkì dípò téèpù. Fabrice Bellard bẹ̀rẹ̀ FFmpeg ní 2000, Isaac Richards bẹ̀rẹ̀ MythTV ní 2002, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Pẹ̀lú wọn, kọ̀ǹpútà inú ilé lè gba ètò sílẹ̀, kí ó yí i padà sí fáìlì tó kéré, kí ó sì tò ó sí àyè rẹ̀ nígbà tí olówó rẹ̀ ń sùn.

Bí tiwa ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí mẹ́ta yóò gba wákàtí mẹ́ta gẹ́lẹ́ kí ó tó wọ kọ̀ǹpútà tán. Kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí ìyẹn. Wákàtí kan tó jẹ́ fáìlì MPEG-2 tó dára lè tó gígábáìtì méjì àbọ̀. Inú fódà kan ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà ń yẹ fódà náà wò ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí fáìlì kan kò bá tóbi sí i mọ́, a jẹ́ pé ó ti délẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀dà kékeré rẹ̀ tí a lè fi fóònù wò. Ṣùgbọ́n iná wa lè lọ nígbàkúgbà. Nítorí náà, orúkọ onígbà díẹ̀ ni ẹ̀dà tuntun ń jẹ́ títí yóò fi parí, kọ̀ǹpútà yóò sì fi gígùn rẹ̀ wé ti àkọ́kọ́. Bí méjèèjì bá dọ́gba ni ó tó gba orúkọ gidi. Èyí tí iná gé láàárín, kọ̀ǹpútà yóò tún un ṣe nígbà tí iná bá dé.

Àwọn ohun méjì kan wà tí ọ̀pọ̀ irú ètò kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lè bá èèyàn ṣe tí a kò gbà kí ó ṣe. Àkọ́kọ́ ni pípa fáìlì àkọ́kọ́ rẹ́ lẹ́yìn ìyípadà kí àyè lè wà. Ìkejì ni gígé ìpolówó ọjà dànù. Ẹni tó ń gba eré alẹ́ àná sílẹ̀ ní Chicago lè fẹ́ méjèèjì. Fún àwa, nínú ìpolówó àti ìkéde òkú la ti ń mọ ọdún tí wọ́n gba kásẹ́ẹ̀tì, iye tí ọjà ń tà, àti ilé iṣẹ́ tó gbé eré jáde. Bí ó bá sì jẹ́ ti pípa fáìlì rẹ́, kí ni ó fi yàtọ̀ sí téèpù tí wọ́n nù láyé ọjọ́un? Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èèyàn ló dúró nu téèpù ìgbà yẹn. Tiwa yóò máa nù ún fúnra rẹ̀, lóru, ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ọ̀rọ̀ kan kù, kò sì rọrùn. Ẹ̀dà náà lè ṣeni léṣe. Wọ́n jí fíìmù Bàbá Sàlá, Ọ̀run Móoru ti 1982, dà kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, gbèsè ló sì kó bàbá náà sí. Torí náà, a kì í ta ohun tí a bá yí padà, a kì í sì í gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ. Ẹ̀dà kan ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni kásẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan ń dúró sórí háàdì dísìkì ní Ìlérò, ọ̀kan sì ń lọ sí ìlú mìíràn, kí iná ọmọ ọ̀rara má baà jó gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ti jáde, bí ẹ bá délé lọ́dún yìí, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá rí kásẹ́ẹ̀tì, ẹ má gbìyànjú láti wò ó bí nǹkan funfun bá ti hù sí i. Ẹ gbé e nàró síbi tí kò gbóná. Ẹ bi ìyá àti bàbá ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sára páálí nígbà tí wọ́n ṣì rántí. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣe ìyẹn fún wa.