Ìrántí Àwọn Akọ́dà àti Ọlọ́pàá Ìlú Ìbàdàn, àti Ilé Wọn

Ìjọ wa ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Nínú irú ìwé ìrántí báyìí, àṣà wa ni láti kọ ìtàn àwọn àlùfáà, àwọn olùkọ́, àwọn ìyá ìjọ, àti àwọn olóyè tí ó fún wa ní ilẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ènìyàn kan wà tí a kì í sábà dárúkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ni ó ń ṣọ́ òru kí àwa lè sùn. Àwọn náà ni akọ́dà àti ọlọ́pàá ìlú yìí. Mo fẹ́ kí a rántí wọn, kì í ṣe nínú iṣẹ́ wọn nìkan, ṣùgbọ́n nínú ilé wọn pẹ̀lú. Nítorí ohun tí ìtàn Ìbàdàn fi yé mi ni pé a kò lè ya méjèèjì kúrò lára ara wọn.

Ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn ogun Òwu, ni àwọn ọmọ ogun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Ní ọdún 1829 yìí kan náà ni Sir Robert Peel dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá ìlú Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀. Bí ìlú ńlá nì ti ń wá ọ̀nà láti pa àlàáfíà mọ́ láìpe ọmọ ogun, ìlú tiwa ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun. A kò ní ọba aládé. Ẹni tí ó ní ọmọ ogun púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ. Ẹnu-ọ̀nà olóyè ni a ti ń dá ẹjọ́, ìránṣẹ́ olóyè ni ó sì ń lọ mú ẹni tí a fẹ̀sùn kàn. Ìránṣẹ́ yìí ni à ń pè ní akọ́dà, èyíinì ni ẹni tí ó gbé idà kọ́ èjìká. Olúwa rẹ̀ ni ó ń sìn, kì í ṣe ìlú. Bí olúwa rẹ̀ bá jẹ́ ènìyàn rere, àlàáfíà ni. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ègbé ni fún tálákà. Ohun tí ó burú nínú ọ̀nà yìí hàn gbangba ní àwọn ìlú tí Ìbàdàn ṣẹ́gun, nítorí ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ìránṣẹ́ wọn ní ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wà lára ohun tí ó fa ogun Kírìjì.

Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni Àlùfáà David Hinderer àti aya rẹ̀ Anna wọ̀ ní ọdún 1853, tí wọ́n sì fi Kúdẹtì ṣe ibùgbé. Wọn kò ní akọ́dà, wọn kò sì ní ìbọn. Ilé wọn, àti àwọn ọmọ tí wọ́n kó jọ sínú rẹ̀ láti tọ́, jẹ́ ìwàásù tí ará ìlú lè fi ojú rí. Láti inú agbo ilé náà ni Daniel Olubi ti dìde, ẹni tí ó di aṣáájú ìjọ ní Ìbàdàn lẹ́yìn tí wọ́n lọ ní ọdún 1869.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ, ọdún 1893, àwọn olóyè Ìbàdàn fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Captain Bower dé pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Hausa láti jẹ́ aṣojú ìjọba nínú ìlú. Ajẹ́lẹ̀ ni àwọn ará ìlú pe irú aṣojú bẹ́ẹ̀, orúkọ kan náà tí àwa fúnra wa ti mú lọ sí ìlú àwọn ẹlòmíràn. Ní ọdún 1895 ni Bower yìí fi ìbọn ńlá kọlu Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1936 a kọ́ ilé-ìṣọ́ gíga sí Òkè Ààrẹ ní ìrántí rẹ̀. Akọ́dà kò ní ilé-ìṣọ́ kankan.

Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Ìlú bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1897, tí ọkọ̀ ojú irin sì dé ní ọdún 1901, iṣẹ́ akọ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó wá ń san owó oṣù fún un. Òun ni ó ń mú ìwé ìpè kóòtù lọ bá ènìyàn, tí ó ń sin ẹlẹ́wọ̀n, tí ó ń dá ìjà sílẹ̀ ní Ọjà'ba àti ní Bẹẹrẹ. Nígbà tí a sì ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ní ọdún 1929, òun ni ó dúró ní ẹnu-ọ̀nà. Ọmọ ìlú ni. Ó mọ baba ẹni tí ó fẹ́ mú, wọ́n sì mọ baba tirẹ̀. Èyí ni agbára rẹ̀, èyí náà ni ìdánwò rẹ̀. Nítorí ẹni tí gbogbo ènìyàn mọ̀, gbogbo ènìyàn ni yóò wá bẹ̀ ẹ́.

Ẹgbẹ́ kejì ni àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀. Ìjọba ti dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá Èkó sílẹ̀ ní ọdún 1896. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin, ọdún 1930, a da ọlọ́pàá Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ di ọ̀kan fún gbogbo Nàìjíríà. Ẹ kíyè sí orúkọ náà: akọ́dà ni ó ní idà, ọlọ́pàá ni ó ní ọ̀pá. Idà wà fún pípa. Ọ̀pá wà fún títọ́ ni sọ́nà. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá yìí kì í pẹ́ ní ibì kan. Bí ó ti ń mọ orúkọ àwọn ará àdúgbò ni ìwé yóò dé pé kí ó lọ sí ìlú mìíràn. Aya rẹ̀ yóò di ẹrù, àwọn ọmọ yóò fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ nínú bárékè tuntun láàárín àwọn tí èdè wọn yàtọ̀. Àwọn tí ó ti gbé Ìyágankú tàbí Ẹlẹ́yẹlé mọ ohun tí mo ń sọ. Ìlú rí aṣọ iṣẹ́ ọkùnrin náà. Ìlú kò rí obìnrin tí ó ń dúró dè é títí di ọ̀gànjọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí a ti lè rí wọn. Ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi ti ìjọ Áńgílíkà ní àyè fún ọjọ́ ìrìbọmi, orúkọ ọmọ, orúkọ baba àti ti ìyá, ibùgbé wọn, iṣẹ́ baba, àti orúkọ ẹni tí ó ṣe ìrìbọmi. Nínú ìwé ìjọba, nọ́ńbà ni ọlọ́pàá jẹ́. Nínú ìwé kóòtù, ẹlẹ́rìí ni. Nínú ìwé ìrìbọmi ni iṣẹ́ rẹ̀, aya rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ gbé wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣètò ìwé náà lè má ro èyí, ṣùgbọ́n òtítọ́ ńlá ni ó kọ sílẹ̀.

Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọkùnrin tí ó bá ń fetí sí ọmọ méjèèjì tí ó jà kí ó tó gbé pàṣán, òun ni yóò fetí sí ẹni méjì tí ó ń jà ní ọjà. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ tó fún ilé rẹ̀, nítorí pé aya rẹ̀ mọ bí a ti ń ṣọ́ nǹkan ná, kò ní ojú kòkòrò sí owó ẹlẹ́jọ́. Bí a bá sì fa ewúrẹ́ wá so sí ẹ̀yìnkùlé ọlọ́pàá ní òru, nígbà tí ẹjọ́ kù sí ọ̀la, ta ni ó kọ́kọ́ ń rí i? Aya ni. Bí ó bá tú okùn rẹ̀ tí ó ní kí a fà á padà lọ, ó ti gba ọkọ rẹ̀ là, ó sì ti gba aláìṣẹ̀ kan là pẹ̀lú, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ ní gbọ́.

Ìwé Ìṣe Àwọn Àpósítélì fi èyí hàn wá ní ẹ̀ẹ̀mejì. Kọ̀nélíù ará Kesaríà jẹ́ balógun ọ̀rún, síbẹ̀ ohun tí a ròyìn nípa rẹ̀ ni pé òun àti gbogbo ilé rẹ̀ bẹ̀rù Ọlọ́run. Onítúbú Fílípì fẹ́ fi idà pa ara rẹ̀ ní òru. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wẹ ọgbẹ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀, ó ti gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún wọn nínú ilé ara rẹ̀, a sì ti ṣe ìrìbọmi fún òun àti àwọn ará ilé rẹ̀. Kò fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó di ẹni ìgbàlà.

Ó yẹ kí a sọ èyí tí ó korò pẹ̀lú. Láti ọdún 1962 ni ìjà òṣèlú ti gba ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn kan. Lẹ́yìn ìdìbò oṣù Kẹwàá ọdún 1965, a ń da epo sí ilé àti sí ènìyàn lára, a sì ń fi iná sí i. Ẹ̀sùn tí a fi kan àwọn ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀ ni pé wọ́n ti di ọmọ ọwọ́ àwọn olóṣèlú. Àwọn olóòótọ́ wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n orúkọ wọn bàjẹ́ pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní ọdún 1966, a pinnu pé kí ọlọ́pàá ìbílẹ̀ parí, a sì da àwọn tí ó yẹ pọ̀ mọ́ ti àpapọ̀. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1979 àti ti 1999 fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni kí ó wà. Ní ọdún 2020, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ kí ẹ̀ṣọ́ lè tún súnmọ́ ilé; ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn ọ̀dọ́ tú sí ìgboro nítorí ìwà ẹgbẹ́ ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS.

Àwọn ọlọ́gbọ́n ń jiyàn bóyá ọlọ́pàá àpapọ̀ ni ó dára jù tàbí ti ìbílẹ̀. Èmi kò kọ̀ kí wọ́n jiyàn. Ṣùgbọ́n ìlú yìí ti dán méjèèjì wò. Akọ́dà tí ó mọ gbogbo ènìyàn ṣìnà, ọlọ́pàá tí kò mọ ẹnikẹ́ni náà ṣìnà. Nínú ẹgbẹ́ méjèèjì ni a sì ti rí àwọn tí ó dúró. Òfin lè sọ ẹni tí yóò máa pàṣẹ fún ẹ̀ṣọ́. Kò lè tọ́ ẹ̀ṣọ́ náà dàgbà. Iṣẹ́ baba àti ìyá nìyẹn, iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, àti iṣẹ́ ìjọ.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó ṣiṣẹ́ yìí. Ikán àti òjò kò ní dá ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ sí. Ẹ kọ orúkọ baba yín sílẹ̀, ẹ kọ ibi tí ó ti ṣiṣẹ́, kí ẹ má sì gbàgbé orúkọ ìyá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ mú un wá fún akọ̀wé ìjọ. Nígbà tí ẹ bá sì rí ọlọ́pàá tí ó jókòó ní ẹ̀yìn ilé ìsìn pẹ̀lú aya àti ọmọ rẹ̀, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì rántí wọn nínú àdúrà yín. Kí Olúwa tí kì í tòògbé máa ṣọ́ àwọn tí ń ṣọ́ wa. Àmín.