Aṣọ Àwọ̀sùn Kan: Bí Iṣẹ́ Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Scotland Yard

Ẹni tó kọ́kọ́ pe ọlọ́pàá inú ní ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mọ ohun tó ń sọ: ẹni tó ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Ní London, ìtẹ̀lẹ̀ jẹ́jẹ́ yìí gan-an làwọn aráàlú kò fẹ́.

Ọdún 1829 ni Robert Peel dá ọlọ́pàá London sílẹ̀. Whitehall Place ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ já sí Great Scotland Yard, ibẹ̀ lorúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí ti wá. Kóòtù búlúù àti àkẹtẹ̀ gíga ni wọ́n wọ̀ fún wọn, kí ojú gbogbo lè rí wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbọ́ ìròyìn àwọn amí ìjọba ní Faransé, wọn ò sì fẹ́ irú rẹ̀ nílẹ̀ tiwọn. Nígbà tó hàn ní 1833 pé Sájẹ́ǹtì William Popay bọ́ aṣọ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó sì wọ inú ẹgbẹ́ olóṣèlú kan bí ọ̀rẹ́, ariwo náà dé ilé aṣòfin, wọ́n sì lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Ìpànìyàn ló yí ọkàn ìjọba padà. Ní oṣù kẹrin 1842, ọlọ́pàá kan lọ bá Daniel Good, tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin fún ọ̀gá rẹ̀ ní Roehampton, nítorí ṣòkòtò tí wọ́n ní ó jí. Níbi tó ti ń tú ilé ẹṣin wò ló ti rí òkú obìnrin tí wọ́n ti gé orí, apá àti ẹsẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Good tilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó sá lọ. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n fi ń wá a kiri, ohun tí ọlọ́pàá àdúgbò kan mọ̀ kò dé etí ti èkejì. Ní Tonbridge ni ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ti fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ló sì dá a mọ̀. Wọ́n yẹgi fún un. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni wọ́n yan ìnspẹ́kítọ̀ méjì àti sájẹ́ǹtì mẹ́fà, àwọn mẹ́jọ tí iṣẹ́ náà ti ọwọ́ wọn ṣẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Jonathan Whicher, ọmọ olùtọ́jú ọgbà láti Camberwell.

Iyì wọn ga láìpẹ́. Ní 1850 Charles Dickens pè wọ́n wá sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn rẹ̀, ó jókòó tì wọ́n, ó sì kọ ìtàn wọn pẹ̀lú ìyìn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Road dé.

Abúlé ni Road, ní ààlà Wiltshire àti Somerset. Òwúrọ̀ ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 1860, wọn ò bá Saville Kent, ọmọ ọdún mẹ́ta, lórí ibùsùn rẹ̀. Inú ṣáláńgá tó wà nínú ọgbà ni wọ́n ti rí i, wọ́n ti dúńbú ọmọ náà. Bàbá rẹ̀, Samuel Kent, jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bẹ àwọn ilé iṣẹ́ wò, ilé ńlá ni ilé rẹ̀. Inú ilé ni aṣeni ń gbé, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún olówó? Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ọmọ náà ni wọ́n kọ́kọ́ mú.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó rán Whicher wá. Ọ̀rọ̀ aṣọ ló gbájú mọ́. Constance, ọmọ ọdún 16, ọbàkan Saville, ní aṣọ àwọ̀sùn mẹ́ta. Méjì ló kù. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ni ẹ̀kẹta sọnù sí. Èrò Whicher ni pé wọ́n ti ka aṣọ tó fẹ́ lọ fún fífọ̀ sínú agbọ̀n tán kí Constance tó dá ọgbọ́n rán ìránṣẹ́ kúrò nítòsí, tó sì yọ aṣọ àwọ̀sùn rẹ̀ kan tí kò lẹ́jẹ̀ padà. Báyìí, èyí tí ẹ̀jẹ̀ yí, tó ti pa run, á di ẹ̀bi alágbàfọ̀. Fún èmi, ibi agbọ̀n aṣọ yẹn ni iṣẹ́ yìí ti di iṣẹ́ ọgbọ́n.

Whicher mú Constance. Àwọn adájọ́ dá a sílẹ̀ pẹ̀lú béèlì £200, àwọn ìwé ìròyìn sì bu Whicher títí: kí ló gbé irú rẹ̀ dé ìdí aṣọ ọmọ ọlọ́lá? Kò pẹ́ tó hàn pé ní ọjọ́ ìpànìyàn náà gan-an, àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ rí ṣẹ́mììsì ẹlẹ́jẹ̀ nínú ihò iná ilé ìdáná, wọ́n sì fi pa mọ́. Wọn ò sọ fún un. Ó dùn mí gan-an. Àìlera mú kí Whicher fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 1864.

Ní oṣù kẹrin 1865, Constance rìn wọ kóòtù Bow Street, ó jẹ́wọ́ pé òun ni. Ikú ni ìdájọ́ rẹ̀, wọ́n yí i padà sí ẹ̀wọ̀n, ó sì lo ogún ọdún níbẹ̀. Ó lọ sí Ọsirélíà, ó yí orúkọ padà, ó ṣe nọ́ọ̀sì, ó sì kú ní 1944 lẹ́ni 100 ọdún. Wilkie Collins ti fi aṣọ àwọ̀sùn tó sọnù sínú ìwé rẹ̀, The Moonstone, ní 1868.

Ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣubú ní 1877, nígbà tí wọ́n sọ mẹ́ta nínú àwọn ọ̀gá ibẹ̀ sẹ́wọ̀n nítorí rìbá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Howard Vincent dá CID, ẹ̀ka ìwádìí ìwà ọ̀daràn, sílẹ̀, orúkọ tí ìjọba amúnisìn gbé wá bá wa títí dé ọ́fíìsì ọlọ́pàá Alágbọn l'Ékòó.

Whicher ti di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni ṣáájú ìgbà yẹn. Ní 1867, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan ti Ọsirélíà dé tó ní òun ni Roger Tichborne, àrólé tí omi òkun gbé lọ, Whicher lọ sí Wapping, ó ń béèrè nípa ọkùnrin náà lọ́wọ́ àwọn onílé ọtí. Wọ́n ní ọkùnrin náà ti wá síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Kérésì, ó ń wá ìdílé Orton, àwọn alápatà.