Ohun Tí Màjàlà Mọ̀ Nípa Igbó

Iná kì í jó oko kí màjàlà má ṣòfófó. Ẹni tó bá ti gbé Àjíbọ̀dé ní Ìbàdàn nígbà ọyẹ́ ti fojú rí òwe yìí. Èèyàn á sá aṣọ funfun láàárọ̀. Kó tó di ọ̀sán, nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ ti bà lé e. Ẹnikẹ́ni kò tíì wá sọ pé igbó ń jó lọ́nà Móníyà, àmọ́ ilé ti gbọ́. Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ la sábà ń pa òwe yìí fún. Iná gan-an ni mo fẹ́ kí a fi yẹ̀ wò lónìí, nítorí òfófó màjàlà pẹ́ ju bí a ṣe rò lọ.

Màjàlà tó bá já sínú adágún a rì, ẹrẹ̀ a bò ó, ti ọdún mìíràn a tún gorí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń fi irin oníhò wa ẹrẹ̀ náà jáde, wọ́n á wo èédú inú rẹ̀ ní ìpele-ìpele, wọ́n á sì mọ ìgbà tí iná jó léraléra àti ìgbà tó sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ ìtàn igbó Kánádà. Ní 2004, wọ́n gbẹ́ ìsàlẹ̀ adágún Bosumtwi nítòsí Kumasi ní Gánà. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ jẹ́rìí pé igbó àti ọ̀dàn ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà.

Iná kì í yà síbi gbogbo déédéé. Koríko ọ̀dàn apá Kìṣí lè jó lọ́dọọdún. Ní igbó ìhà ìwọ̀-oòrùn Kánádà tí ilẹ̀ ti gbẹ, ó lè tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí iná tó padà síbi tó ti jó. Ní ìlà-oòrùn tí òjò ti pọ̀, ó lè ju igba ọdún lọ. Ṣùgbọ́n ní 2023, ohun tó jó ní Kánádà lọ́dún kan ṣoṣo ju mílíọ̀nù 15 hẹ́kítà lọ, èéfín rẹ̀ sì sọ ojú ọ̀run New York di pupa rúsúrúsú.

Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lára jù wà nítòsí wa, ní Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, igbó ọba láti 1899. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó pín ilẹ̀ kan sí mẹ́ta níbẹ̀. Wọ́n ń sun èkíní lóṣù Kẹta, nígbà tí gbogbo koríko ti gbẹ pátápátá. Wọ́n ń sun èkejì lóṣù Kejìlá, nígbà tí omi ṣì kù lára koríko tí iná kò sì le. Wọn kò jẹ́ kí iná kan ẹ̀kẹta rárá. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀kẹta ti ń di igbó kìjikìji. Èkejì jẹ́ ọ̀dàn onígi. Èkíní, koríko ló gbà á, igi ibẹ̀ kò tó nǹkan. Ilẹ̀ kan náà, òjò kan náà! Iná àti àsìkò rẹ̀ nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Ewé Akíntọ́lá ló bo ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ ní Àjíbọ̀dé, bí ọyẹ́ bá sì ti gbẹ ẹ́, ìṣáná kan ti tó. Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọdẹ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ro etí oko yí ká kí ẹ tó fi iná sí i. Ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀ ni kí ẹ sun ún, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí iná yóò fi kú.