Ohùn Ẹ̀rọ àti Ohùn Orí Ọ̀rọ̀: Ìtàn Ètò Akàwé Inú Kọ̀ǹpútà àti Ipò Èdè Yorùbá Nínú Rẹ̀

1. Ìfáàrà

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ohùn, ni a ń lò fún nǹkan méjì. A ń lò ó fún ohun tí a fi ń dá ẹnì kan mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn bí ó bá sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn. A sì ń lò ó fún òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí ó fi ìyàtọ̀ sáàárín ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ohun tí a ní lọ́kàn nínú iṣẹ́ yìí ni láti tọpa ìtàn ohùn àtọwọ́dá tí kọ̀ǹpútà fi ń kàwé fún àwọn tí kò ríran, kí á sì fi hàn pé inú èdè tí kì í fi ohùn ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì ni a ti kọ́kọ́ ṣe é. Èrò wa ni pé kí Yorùbá tó lè yan ohùn tí ó wù ú lára ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà ní láti kọ́kọ́ mọ ohùn orí ọ̀rọ̀.

Ètò akàwé ni a ó máa pe ètò inú kọ̀ǹpútà tí ń ka ohun tí ó wà lójú ẹ̀rọ sókè. Bọ́tìnnì ni ẹni tí ó ń lò ó fi ń darí rẹ̀, etí ni ó sì fi ń kàwé.

2. Ohùn tí a fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ darí

Ní ọdún 1939, níbi ìpàtẹ àgbáyé tí a ṣe ní New York, ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell fi ẹ̀rọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Voder han aráyé. Homer Dudley ni aṣáájú iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ yìí kò lè dá kàwé. Ènìyàn ni ó ń jókòó tì í bí ẹni tí ń tẹ dùùrù: ó ń fi ìka ọwọ́ dá ìró kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì, ó sì ń fi ẹsẹ̀ gbé ohùn lọ sókè tàbí wá sísàlẹ̀.

Yorùbá tí ó bá gbọ́ èyí yóò rántí dùndún. Onílù ń fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ, ó sì ń fi ọwọ́ kejì fún ọsán ìlù. Bí ó ti ń fún un ni ohùn ń ròkè, bí ó ti ń dẹ̀ ẹ́ ni ohùn ń wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà láàárín àwọn méjèèjì. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ́lì. Ohùn orí ọ̀rọ̀ àti ìlànà ìsáré ọ̀rọ̀ ni ó ní. Síbẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ ìlù mọ ohun tí ó ń wí, pàápàá bí ó bá jẹ́ oríkì tàbí òwe tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ti Voder, ohùn tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ dà bí ẹwà tí a bù kún ọ̀rọ̀ tí ó ti pé. Kò sí àléébù nínú èyí fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé ìbéèrè, ìyanu tàbí ìtẹnumọ́ ni ohùn fi ń hàn níbẹ̀, kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀.

3. Ohùn tí oníṣẹ́ lè yàn

Ní ọdún 1976, Ray Kurzweil gbé ẹ̀rọ kan jáde ní Amẹ́ríkà tí ó lè wo ìwé títẹ̀ kí ó sì kà á sókè fún ẹni tí kò ríran. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí pé ṣé ẹ̀rọ lè sọ̀rọ̀, tí ó bọ́ sórí irú ohùn tí yóò fi sọ ọ́. Dennis Klatt, onímọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT, ni iṣẹ́ rẹ̀ bí DECtalk tí ó jáde ní ọdún 1984. Oríṣiríṣi ohùn ni ó wà nínú rẹ̀, ti ọkùnrin, ti obìnrin àti ti ọmọdé. Ohùn Klatt fúnra rẹ̀ ni a fi ṣe àwòkọ èyí tí a pè ní Paul. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún lè yí ìwọ̀n gíga ohùn padà, ó lè sọ orí olóhùn di ńlá tàbí kékeré, ó sì lè fi èémí kún un.

JAWS, tí ilé-iṣẹ́ Ted Henter, ẹni tí òun pàápàá kò ríran, gbé jáde ní ọdún 1989, àti NVDA, tí Michael Curran bẹ̀rẹ̀ ní Australia ní ọdún 2006 tí a kì í sì í san owó kí a tó lò ó, sọ irú yíyàn bẹ́ẹ̀ di ohun ojoojúmọ́. Oníṣẹ́ lè mú kí ohùn yára, kí ó ga, kí ó rọlẹ̀, tàbí kí ó dín ìlọsókè-sódò rẹ̀ kù títí tí yóò fi tẹ́jú. Ọ̀pọ̀ ni ó fẹ́ràn ohùn títẹ́jú tí ó yára kánkán, nítorí iṣẹ́ ni wọ́n ń bá a ṣe, wọn kò bá a tàkúrọ̀sọ. Ohùn náà sì máa ń mọ́ ènìyàn lára. Stephen Hawking, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí àìsàn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kò jẹ́ kí a pààrọ̀ ohùn ẹ̀rọ tí ó ń lò láti nǹkan bí ọdún 1986 títí tí ó fi kú ní ọdún 2018, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí ó dùn jù ú lọ ti pọ̀.

4. Ohùn Yorùbá lẹ́nu ẹ̀rọ

Ibi tí wàhálà wà fún Yorùbá nìyí. Bí oníṣẹ́ bá sọ ohùn Gẹ̀ẹ́sì di títẹ́jú, ọ̀rọ̀ kò sọnù. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ohùn Yorùbá, 'Ó ra ọkọ́' àti 'Ó ra ọkọ̀' di ọ̀kan náà; àgbẹ̀ àti awakọ̀ ti wọ ṣòkòtò kan náà. Ṣùgbọ́n èyí kò ní kí Yorùbá má lè yan ohùn. Ohùn ìsàlẹ̀ ọmọdé lè ga ju ohùn òkè bàbá àgbà lọ, síbẹ̀ a ń gbọ́ àwọn méjèèjì yé. Ìdí ni pé àlàfo tí ó wà láàárín òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ lẹ́nu ẹnì kan náà ni etí ń wọ̀n. Nítorí náà, a lè gbé gbogbo ohùn ẹ̀rọ sókè tàbí sísàlẹ̀, a sì lè mú un yára, bí a kò bá ti fọwọ́ kan àlàfo náà. Nínú 'ìyá', ohùn òkè ń yọ̀ láti ìsàlẹ̀ gòkè. Nínú 'rárà', ohùn ìsàlẹ̀ ń yọ̀ láti òkè wálẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò gbọdọ̀ parẹ́ nínú eré.

Odetúnjí Àjàdí Ọdẹ́jọbí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, Shun Ha Sylvia Wong àti Anthony Beaumont, ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà mọ ìrìn ohùn nínú gbólóhùn Yorùbá. Ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2008. Túndé Adégbọlá ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti Yorùbá ní Ìbàdàn lábẹ́ ẹgbẹ́ ALT-I. Kọ́lá Túbọ̀sún, tí ó dá ìwé atúmọ̀ orúkọ YorubaName sílẹ̀ ní ọdún 2015, tún ṣe ètò tí ń pe ọ̀rọ̀ Yorùbá sókè. Ní ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ Meta gbé ohùn àtọwọ́dá jáde fún èdè tí ó lé ní 1,100, Yorùbá sì wà lára wọn. Kíkà Májẹ̀mú Tuntun ni wọ́n fi kọ́ àwọn ẹ̀rọ náà.

Àkọtọ́ tún ni ìṣòro mìíràn. Láti ìgbà Àjàyí Crowther, títí dé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, ni a ti ń sọ̀rọ̀ lórí àmì ohùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kì í fi í sí orí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ríran ń fi ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ní láti méfò. Èyí tí a bá sì fi àmì sí pàápàá kò rọrùn, nítorí pé nínú ètò Unicode, tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ẹ àti ọ ní ààyè tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní. A ní láti so àmì mọ́ lẹ́tà, ètò akàwé tí kò bá sì mọ̀ ọ́n lè fò ó.

5. Àbùjá: òfin àti ìdánwò

Àbùjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka yíya àwọn aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti tún ọ̀nà àbáwọlé ṣe. Kò sí ibi tí ó ti dá ọjọ́ fún ohùn. Ní Bwari, nínú agbègbè Àbùjá kan náà, ni olú ilé-iṣẹ́ JAMB wà. Ní ọdún 2017 ni JAMB dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa bójú tó ìdánwò àwọn tí kò ríran. Yorùbá wà lára iṣẹ́ tí a lè yàn nínú ìdánwò náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran tí ó yan Gẹ̀ẹ́sì lè fi ètò akàwé ka ìwé rẹ̀ tán lálẹ́ ọjọ́ kan. Èyí tí ó yan Yorùbá, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì ka ewì fún un, kò ka ewì kankan; yóò tún wá ẹni tí yóò kà á fún un.

6. Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé ohùn tí a lè yàn lára ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ nínú èdè tí ohùn ti jẹ́ ẹwà, àti pé nínú èdè tiwa, ohùn ni ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí ó kù kò sí lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá ni a ní ìwé àṣàyàn, àwa ni a sì lè fi àmì ohùn pípé sí wọn kí wọ́n tó dé inú ẹ̀rọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti Ọ̀yọ́, Èkìtì, Ìjẹ̀bú àti Ìlọrin lè gba ohùn ara wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, kí ẹni tí ń kàwé létí lè rí ohùn ju ẹyọ kan lọ yàn. Ẹni tí ó ń ṣe ètò akàwé sì gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wa pé ó lè fi ìyára àti gíga ohùn sílẹ̀ fún ẹni tí ń lò ó, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi àlàfo ohùn Yorùbá sí ibi tí bọ́tìnnì kan ti lè pa á rẹ́.