Àrokò Tí Kò Ní Atúmọ̀: Ìtàn Àmì Yorùbá Nínú Ímeèlì

Bí àrokò bá dé ọwọ́ ẹni tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, owó ẹyọ lásán ni yóò rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fáìlì Yorùbá tí a so mọ́ ímeèlì ti rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ní ọdún 1963 ni ìlànà ASCII jáde ní Amẹ́ríkà. Àyè 128 péré ni ó ní. Kò sí ti ẹ, ọ àti ṣ níbẹ̀. Lórí rẹ̀ ni a gbé òfin ìfìwéránṣẹ́ SMTP ti ọdún 1982 kà. Ìlànà MIME, tí Nathaniel Borenstein àti Ned Freed gbé kalẹ̀ ní 1992, jẹ́ kí fáìlì lè gúnlẹ̀ láìbàjẹ́. Ṣùgbọ́n ó di ẹrù tí ó gúnlẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò tú u. Ìdí ni pé inú fọ́ǹtì àdáni ni àwọn òǹkọ̀wé ń fi ẹ sí, ní àyè àmì mìíràn. Bí olùgbà kò bá ní fọ́ǹtì náà, wúruwùru ni yóò rí. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a fi fọ́ǹtì ránṣẹ́ pẹ̀lú iṣẹ́, tàbí kí a tẹ iṣẹ́ náà sórí bébà.

Unicode, tí ẹ̀dà kìíní rẹ̀ jáde ní 1991, ni ó wá fún lẹ́tà ní nọ́ńbà tí gbogbo ayé mọ̀. Síbẹ̀, ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà tiwọn. Ńṣe ni a ń so àmì ohùn mọ́ lẹ́tà.

Fáìlì àtijọ́ tí a kò yí padà ṣì jẹ́ àdììtú. Nítorí náà, ẹni tí fọ́ǹtì àtijọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù: atúmọ̀ àrokò ni.