Géèmù Berserk: Guts Láàrin Ẹgbẹ̀rún Ọ̀tá

Berserk and the Band of the Hawk ni eré fídíò tí iléeṣẹ́ Omega Force ṣe, tí Koei Tecmo sì gbé jáde ní Jàpáánì lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2016. Oṣù Kejì ọdún 2017 ló tó dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, lórí PlayStation 4, PlayStation Vita àti kọ̀ǹpútà. Inú Berserk, mángà tí Kentaro Miura bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1989, ni wọ́n ti yọ ọ́. Kì í ṣe òun ni géèmù Berserk àkọ́kọ́. Iléeṣẹ́ Yuke's ti ṣe ọ̀kan fún Dreamcast lọ́dún 1999, Miura fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìtàn rẹ̀, Susumu Hirasawa sì kọ orin sí i. Òmíràn jáde fún PlayStation 2 lọ́dún 2004, ṣùgbọ́n Jàpáánì nìkan ni wọ́n ti tà á.

Ìtàn náà burú, ó sì dùn ún kà. Abẹ́ òkú ìyá rẹ̀ tí wọ́n so rọ̀ sórí igi ni wọ́n ti rí Guts lọ́mọ jòjòló. Àwọn jagunjagun tí ń gba owó jà ló wò ó dàgbà, ojú ogun ló sì ti gbọ́n. Nígbà tó ṣe, ó bọ́ sọ́wọ́ Griffith, olórí Ẹgbẹ́ Àṣá, ọmọ tálákà tó pinnu pé òun gbọ́dọ̀ ní ìjọba tòun. Griffith ga, ó ṣubú, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, wọ́n sì fi ìyà ba ara rẹ̀ jẹ́ fún ọdún kan gbáko. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹ̀mí òkùnkùn fi agbára lọ̀ ọ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ̀mí wewu nítorí rẹ̀ ló fi rúbọ. Guts àti Casca, obìnrin ajagun inú ẹgbẹ́ náà, yè é. Apá òsì Guts lọ, ojú ọ̀tún rẹ̀ fọ́, àmì ẹbọ sì wà lọ́rùn rẹ̀ tó ń pe iwin wá bá a lóròòru. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ẹni tó ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde lọ́dún 1938. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá: Àkàrà-oògùn, akọni inú ìwé náà, ní oògùn lápò, ó sì ń ké pe Ọlọ́run. Irin nìkan ni Guts gbójú lé.

Omega Force ló ṣe Dynasty Warriors, ọ̀wọ́ géèmù tí akọni kan ti ń wọ àárín ẹgbàágbèje ọmọ ogun. Ọgbọ́n yẹn náà ni wọ́n lò níbí. Bọ́tìnnì kan fún ìgé kíákíá, òmíràn fún ìgé tó wúwo. Ẹni tó bá ń dà wọ́n pọ̀ dáadáa yóò rí i tí idà gbàǹgbà náà ń já ọ̀tá sí méjì méjì, tí ẹ̀jẹ̀ ń bo ilẹ̀. Bí ìpànìyàn ti ń pọ̀ ni ìbínú Guts ń kún, bó bá sì kún tán, agbára rẹ̀ á di ìlọ́po. Ó ní ìbọn ńlá nínú apá irin, ó ní ọrun, ọ̀bẹ àti bọ́ǹbù. Ènìyàn lè gbá a gẹ́gẹ́ bíi Casca, Griffith, Judeau, Serpico, Schierke, Zodd tàbí Wyald. Ibì kan wà tó ní ìpele 100 tí à ń jà lọ sísàlẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ní ẹjọ́ bá géèmù yìí rò. Nínú mángà, ìgbà kan wà tí ibà mú Casca, tí Guts ní kó máa sá lọ, tí òun nìkan sì dúró de ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun. Miura jẹ́ kí a rí ohun tí ìjà yẹn ná an: ọwọ́ tó ń rọ, ọgbẹ́ tó ń pọ̀, èémí tó ń tán. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Àṣá fi ń fi orúkọ ìjà náà ki Guts. Nínú géèmù, ọgọ́rùn-ún ọmọ ogun kò tó nǹkan kan. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni, a ó tún wá òmíràn. Idà náà dé pípé, ṣùgbọ́n ìrora tó sọ ọ́ di idà Guts kò bá a dé. Ìyẹn dùn mí, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ya ara àti ìrìn rẹ̀ dára gan-an, wọ́n sì fi àwòrán láti inú fíìmù mẹ́ta tó jáde ní 2012 àti 2013 há àárín ìjà.

Ibi tí ènìyàn yóò ti gbá géèmù yìí ńkọ́? Ní Asata, àdúgbò àtijọ́ kan ní Enugu, bó ti rí ní Mushin àti ní Mọ́kọ́lá ni, bọ́ọ̀lù ló ń jọba nílé géèmù. Ẹni méjì á jókòó, wọ́n á di páàdì mú, ẹni tó bá fìdí rẹmi á dìde fún ẹlòmíràn. Eré ẹnìkan ṣoṣo ni ti Berserk, ìtàn rẹ̀ sì gùn. Kò lè bá irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ. Inú yàrá ẹni ló bá mu, nígbà tí iná bá wà.

Ọdún 2016 kan náà ni Kiro'o Games, iléeṣẹ́ tí Olivier Madiba dá sílẹ̀ ní Yaoundé ní Kamẹrúùnù, gbé géèmù Aurion: Legacy of the Kori-Odan jáde. Ọmọ ọba Zama, Enzo, àti ìyàwó rẹ̀ Erine ni wọ́n lé kúrò lórí ìtẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn. Enzo náà ń jà bí Guts ṣe ń jà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń wá, ìyàwó rẹ̀ kì í sì í fi í sílẹ̀ lójú ìjà. Ní ti àwa Yorùbá, Roye Okupe kọ Iyanu: Child of Wonder, ìwé aláwòrán tí ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé wa wà nínú rẹ̀. Dark Horse, iléeṣẹ́ tó ń tẹ Berserk lédè Gẹ̀ẹ́sì, ló tẹ̀ ẹ́, ó sì di fíìmù aláwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún 2025.

Miura kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ẹni ọdún 54, kò sì tíì parí ìwé rẹ̀. Koji Mori, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti sọ òpin ìtàn náà fún tipẹ́tipẹ́, àti àwọn ọmọṣẹ́ Miura ní Studio Gaga tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2022. Géèmù Berserk náà ti dúró sẹ́yìn; ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí Guts bá a dé yóò lọ ka mángà.