Àlejò Lójú Agbo: Ilé Èrò Etí Adágún àti Ẹ̀fẹ̀ Alárìnjó

Ta ni eré apanilẹ́rìn-ín máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, onílé ni àbí àlejò? Ìbéèrè yìí ló gbé mi dé ìdí Im weißen Rößl, eré olórin tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Berlin lọ́jọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1930. Ralph Benatzky ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú orin rẹ̀, Erik Charell ló sì darí rẹ̀. Ilé èrò kan létí adágún Wolfgangsee, ní ilẹ̀ Austria, ni ìtàn náà ti wáyé. Josepha ló ni ilé èrò. Leopold, olórí àwọn agbáwo rẹ̀, ń kú lọ nítorí ìfẹ́ rẹ̀, àmọ́ agbẹjọ́rò kan tó wá sinmi níbẹ̀ ni Josepha ń fojú sí. Franz Joseph, Káísà ilẹ̀ Austria, fúnra rẹ̀ dé sílé èrò náà, ó sì gba Josepha nímọ̀ràn. Nígbẹ̀yìn, Josepha dá Leopold dúró lẹ́nu iṣẹ́ agbáwo, ó sì gbà á padà gẹ́gẹ́ bí ọkọ.

Ní tèmi, Giesecke ló dùn jù níbẹ̀. Oníléeṣẹ́ aṣọ ni, ará Berlin ni, kò sì sí ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn létí adágún náà. Ilé ló ń rò ṣáá. Ará Berlin ló sanwó wọlé wá wo bí wọ́n ṣe ń fi ará Berlin rẹ́rìn-ín.

Àwa Yorùbá náà ti ṣe irú rẹ̀ rí, a ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tá a ṣe é fún. Ní oṣù Kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, wà lálejò Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n sì ṣe eré eégún fún un. Àwọn kan kọ́kọ́ fò sókè, wọ́n tàkìtì nínú àpò. Òjòlá ńlá kan yọ jáde tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn èyí, àpò kan dúró láàárín agbo, ó ń yọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí òyìnbó kan fi yọ: funfun báláú, ó rù hangogo, òtútù ń mú un. Ó ń fa aáṣáà símú, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Àwọn èrò ìwòran ń wo ojú àlejò náà, bóyá ó rí i pé eré náà dá múṣémúṣé. Clapperton ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ irú eégún bẹ́ẹ̀ ni Joel Adédèjì, nínú iṣẹ́ ìwádìí tó ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn lọ́dún 1969, ti tọpasẹ̀ alárìnjó, ìyẹn àwọn òṣèré tó ń rìn kiri.

Ibi tí a ti yà kúrò lọ́dọ̀ Jámánì nìyí: ilé èrò tiwọn dúró lójú kan, èrò ló ń wá bá a. Eré tiwa ló ń rìn, òun gan-an ni àlejò. Síbẹ̀, Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí tó fi Òṣogbo ṣe ibùdó, fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ ilé èrò nínú Lánké Ọ̀mu, tí wọ́n gbé jáde ní Ìbàdàn lọ́dún 1963 láti inú ìwé tí Amos Tutùọlá tẹ̀ jáde lọ́dún 1952. Ọ̀rẹ́ wọ́ wá sílé Lánké, wọ́n ń mu ẹmu, wọ́n ń kọrin. Ẹnikẹ́ni ò sanwó. Nílé Josepha, ìwé owó lè dá ìjà sílẹ̀. Nílé Lánké, ẹmu ló gbọ́dọ̀ tán kí wàhálà tó dé. Adẹ́mu rẹ̀ kú, ọ̀rẹ́ pòórá, Lánké sì wá adẹ́mu náà lọ sílùú àwọn òkú.

Ìjọba Nazi fòfin de Im weißen Rößl, nítorí pé Júù wà nínú àwọn tó ṣe é. Nígbà tó yá, lọ́dún 1964, Dúró Ládiípọ̀ gbé eré rẹ̀, Ọba Kò So, láti Òṣogbo lọ sí ìlú Berlin kan náà. Ṣàngó àti ẹkún ni àwọn ará Berlin rí níbẹ̀. Òyìnbó aláṣáà kò bá Ládiípọ̀ lọ.